Kí Ọ̀dà Tuntun Tó Kan Ògiri Àtijọ́

ǸJẸ́ ẹ ti wọ yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kan rí tó jẹ́ pé bí ẹ ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, òórùn bíi ti aṣọ tí kò gbẹ dáadáa ló kọ́kọ́ pàdé yín? Ògiri ń dán, bẹ́ẹ̀dì jẹ́ tuntun, síbẹ̀ imú yín ti sọ fún yín pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi ni. Ó ti wọnú ògiri, wọ́n sì wá fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlú Johannesburg, lórílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, gan-an. Wúrà tí wọ́n rí lọ́dún 1886 ló sọ ibẹ̀ di ìlú, kò sì pẹ́ tí hòtẹ́ẹ̀lì fi pọ̀ níbẹ̀. Ilé hòtẹ́ẹ̀lì Cosmopolitan tó wà ní Jeppestown ti wà láti ọdún 1899. Hòtẹ́ẹ̀lì Carlton, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gíga tí wọ́n ń pè ní Carlton Centre, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1972. Lọ́dún 1997 ó kógbá sílé, ó sì ṣófo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì míì láàárín ìlú ti di ilé gbígbé, tí bàbá, ìyá àti ọmọ ń gbé níbi tí àlejò ń sùn tẹ́lẹ̀. Torí náà, bí ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀ bá ń bu, kì í ṣe àlejò tó sun ibẹ̀ lóru ọjọ́ kan nìkan ló ń jìyà rẹ̀. Ọmọ kékeré tó ń sùn níbẹ̀ lálaalẹ́ ń jẹ níbẹ̀.

Kí Ló Ń Mú Kí Ògiri Bu?

Irú ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu náà ló ń mú kí ògiri bu. Ìbátan olú ni. Irúgbìn rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i, inú afẹ́fẹ́ ló sì wà níbi gbogbo, torí náà kò sí bá a ṣe lè lé e tán. Oúnjẹ ò wọ́n ọn: ó ń jẹ pákó, bébà ara ògiri, kápẹ́ẹ̀tì, kódà ó ń jẹ eruku. Omi nìkan ló ń dúró dè. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá rin, tí kò sì gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ìlànà kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2009. Ó sọ pé ikọ́, ásímà àti àwọn ìṣòro míì tó jẹ mọ́ èémí máa ń pọ̀ sí i lára àwọn tó ń gbé ilé tó ní ọ̀rinrin tàbí tí ògiri rẹ̀ ń bu.

Ibi Tí Omi Ń Gbà Wọlé

Ọ̀nà mẹ́rin ni omi sábà máa ń gbà. Àkọ́kọ́ ni òkè. Ní Johannesburg, láàárín oṣù October sí March ni òjò máa ń rọ̀ jù, ó sì sábà máa ń jẹ́ òjò ọ̀sán, tòun ti àrá, nígbà míì pẹ̀lú yìnyín tó lè fọ́ òrùlé. Bí ewé bá dí gọ́tà orí òrùlé, inú ògiri ni omi máa wá ọ̀nà gbà.

Ìkejì ni ilẹ̀. Omi máa ń gun bíríkì bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà, àgàgà nínú ilé àtijọ́ tí wọn ò fi nǹkan kan dí ọ̀nà omi ní ìpìlẹ̀. Ìkẹta ni páìpù. Nínú hòtẹ́ẹ̀lì, orí ara wọn ni wọ́n máa ń to àwọn ilé ìwẹ̀ sí láti àjà dé àjà. Páìpù lè máa jò ní àjà kẹjọ, kó jẹ́ pé àjà karùn-ún ni àmì rẹ̀ ti máa kọ́kọ́ hàn.

Ìkẹrin ni èyí tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí: èémí wa, omi gbígbóná tá a fi ń wẹ̀ àti ìkòkò tó ń hó lórí iná. Ẹ rántí bí ife omi dídì ṣe máa ń làágùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ògiri tútù máa ń ṣe. Ní Johannesburg, apá àríwá ni oòrùn ń gbà kọjá lọ́sàn-án, torí náà ògiri tó kọjú sí gúúsù kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oòrùn. Tó bá di oṣù June àti July, tí òtútù mú, tí gbogbo èèyàn sì ti fèrèsé pa, ara ògiri yẹn gan-an, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ni àmì dúdú ti máa ń yọ.

Iṣẹ́ Tó Yẹ Kó Ṣáájú Ọ̀dà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹni tó bá kun ọ̀dà sórí ògiri tó rin yóò tún un kùn lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n mọ ibi tí omi ti ń wá. Ọ̀nà kan rèé tí kò náni lówó: ẹ lẹ ọ̀rá mọ́ ògiri, kẹ́ ẹ fi téèpù dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin. Ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí omi bá wà lẹ́yìn rẹ̀, inú ògiri ló ti ń wá. Bó bá jẹ́ iwájú rẹ̀ ló tutù, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ni ọ̀rinrin náà.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún òrùlé, gọ́tà àti páìpù ṣe. Ní Johannesburg, àsìkò òtútù tí òjò ṣọ̀wọ́n, láti oṣù May sí August, ló dáa jù fún iṣẹ́ òrùlé. Kí wọ́n yọ kápẹ́ẹ̀tì àti síilíìnì tó ti bu dànù. Kí wọ́n wá jẹ́ kí ògiri gbẹ, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin yẹ̀ ẹ́ wò, dípò kí wọ́n kàn fọwọ́ kàn án. Ògiri bíríkì àtijọ́ sì nílò kó máa mí. Bí wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì líle rẹ́ ẹ, tàbí tí wọ́n fi bébà ọlọ́ràá bò ó, wọ́n ti sé omi mọ́nú rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó rò pé owó lòun ń ṣọ́ bóun bá fo àwọn ìgbésẹ̀ yìí, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Honolulu, ní ìpínlẹ̀ Hawaii. Ọdún 2001 ni wọ́n ṣí Kalia Tower, ọ̀kan lára àwọn ilé hòtẹ́ẹ̀lì Hilton níbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní láti ti yàrá rẹ̀ tó jẹ́ 453 pa, torí pé yàrá ń bu. Ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó ṣí i pa dà, àtúnṣe náà sì ná wọn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 55 dọ́là. Ilé tuntun nìyẹn o!

Ilé àtijọ́ tún ní ìkìlọ̀ tiẹ̀. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1999 ní Gúúsù Áfíríkà sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tún ilé tó ti lé ní 60 ọdún ṣe láìgba àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ sì ní asbestos nínú páìpù tàbí òrùlé. Orílẹ̀-èdè náà fòfin dè é lọ́dún 2008, torí pé eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló yẹ kó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin Ńkọ́?

Bóyá ìlú Johannesburg, Ìbàdàn tàbí London lẹ̀ ń gbé, ohun kan náà ló yẹ kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ ṣí fèrèsé bẹ́ ẹ bá ń dáná tàbí lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá wẹ̀. Ẹ má ṣe to kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri típẹ́típẹ́. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè kọjá. Bí àmì dúdú bá yọ lára táìlì, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan bo imú. Ẹ má ṣe po bílíìṣì pọ̀ mọ́ oògùn ìfọlé míì, torí ó lè mú afẹ́fẹ́ olóró jáde. Bí ẹ bá sì fẹ́ háyà ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ẹ béèrè lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù pé: kí lẹ ṣe sí omi tó ń jò kẹ́ ẹ tó kun ọ̀dà yìí?