Gbólóhùn Àdéhùn lórí Pípín Ìmọ̀-Ẹ̀rọ láàrin Àwọn Àjọ Alájọṣepọ̀

1. Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a máa lò nígbà tí a bá ń túmọ̀ ìwé àdéhùn tí àwọn àjọ fi ń pín ìmọ̀-ẹ̀rọ láàrin ara wọn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa: láti ọdún 1979 ni òfin Nàìjíríà ti là á kalẹ̀ pé kí a máa fi orúkọ àdéhùn gbígba ìmọ̀-ẹ̀rọ láti òkèèrè sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Bí ìtumọ̀ bá ṣì, ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé lè rò pé òun ti di olóhun, nígbà tí ó jẹ́ pé ìlò lásán ni wọ́n yọ̀ǹda fún un.

Àpẹẹrẹ tí a ó yẹ̀ wò ni àdéhùn Ibùdó Àgbáyé ní Gbalasa Òfurufú, tí orílẹ̀-èdè 15 fọwọ́ sí ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 1998: Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Jàpáàn, Kánádà àti 11 láti ilẹ̀ Yúróòpù.

2. Ìfilénilọ́wọ́

Abala 19 sọ pé kí àwọn alájọṣepọ̀ máa fi àkọsílẹ̀ iṣẹ́-ẹ̀rọ àti ẹrù tí olùfúnni àti olùgbà jọ gbà pé iṣẹ́ kò lè ṣe láìsí ránṣẹ́ sí ara wọn. Ṣùgbọ́n kò di dandan fún orílẹ̀-èdè kankan láti ṣe èyí tí òfin ilé rẹ̀ kọ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe wo ni ó tọ́? Bí a bá lo "fún", ohun tí a fún ènìyàn ti di tirẹ̀. "Tà" mú owó lọ́wọ́. "Yá" fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu, ṣùgbọ́n ẹni tí ó yáni ní ọkọ́ kò ní ọkọ́ náà lọ́wọ́ títí a ó fi dá a padà; ẹni tí ó fi ìmọ̀ hanni ṣì ní ìmọ̀ rẹ̀, ìmọ̀ tí ó sì ti wọni lórí kò ṣe é dá padà. Nítorí náà ni a fi dábàá "fi lé lọ́wọ́", tí ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ jẹ́ ìfilénilọ́wọ́. Ohun tí a fi lé ni lọ́wọ́, ti olóhun ni síbẹ̀.

3. Ààlè

Ojúṣe olùfúnni ni láti fi àmì sí ohun tí ó fẹ́ kí a dáàbò bò. Oríṣi mẹ́ta ni ó wà: ohun tí òfin kíkó ẹrù jáde nílùú dè, ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ olóhun, àti àṣírí ìjọba. Àmì ti àkọ́kọ́ ń sọ pé iṣẹ́ àdéhùn nìkan ni kí a fi nǹkan náà ṣe, àti pé ẹlòmíràn yàtọ̀ sí àjọ tí ó gbà á àti àwọn agbaṣẹ́ṣe rẹ̀ kò gbọdọ̀ lò ó láìgba ìyọ̀ǹda alákọsílẹ̀.

Ààlè gan-an ni èyí. Ẹni tí ó pààlè sí igi ìdáná rẹ̀ kò fi í pamọ́. Ojú gbogbo ayé ni ó wà, ààlè ni ó ń sọ pé ó ní olóhun. Orílẹ̀-èdè tí ó bá tilẹ̀ jáde nínú àdéhùn kò bọ́ lọ́wọ́ ààlè ohun tí ó ti gbà tẹ́lẹ̀, àfi bí wọ́n bá ṣe àdéhùn mìíràn.

4. "A kà á sí"

Abala 21 dá lórí ìhùmọ̀. Ohun tí a bá ṣe nínú ẹ̀yà kan lára ibùdó náà, a kà á sí pé ilẹ̀ orílẹ̀-èdè tí ó forúkọ ẹ̀yà náà sílẹ̀ ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ti Jàpáàn ni Kibo. Columbus jẹ́ ti àjọ ilẹ̀ Yúróòpù, nítorí náà èyíkéyìí nínú àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó wà nínú àdéhùn lè kà á sí ilẹ̀ tirẹ̀. Olùtumọ̀ tí ó bá kọ "ó ṣẹlẹ̀ ní Jàpáàn" ti purọ́ mọ́ òfin: òfin mọ̀ pé òfurufú ni, ó kàn yàn láti kà á sí Jàpáàn ni, kí ilé-ẹjọ́ lè mọ òfin tí yóò tẹ̀ lé.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ìfilénilọ́wọ́, ààlè àti "kà sí": mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni èdè wa ti ní nílẹ̀. A rọ àwọn olùkọ́ àti olùtumọ̀ láti dán wọn wò lórí àdéhùn tí ó bá dé ọwọ́ wọn, pàápàá níbi tí "fún" bá ti fẹ́ yọ́ wọlé.