Àwọn Abupo Ojú Ọ̀run
A fẹ́ sọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ 55 ti ọmọ-ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ń bu epo fún ọkọ̀ mìíràn lójú ọ̀run láti 1965 títí di 1993. Victor wọn a na rọ́bà gígùn sẹ́yìn. Èyí tí ń tẹ̀lé e a fi imú gbà á.

Ní òru 30 oṣù kẹrin 1982, Victor 11 gbéra ní erékùṣù Ascension, kí Vulcan kan ṣoṣo lè dé Falkland. Bob Tuxford ti Ẹgbẹ́ 55 bu epo tí ì bá gbé tirẹ̀ padà fún un. Kí ọ̀tá má baà gbọ́, kò ké fún ìrànwọ́ títí iṣẹ́ fi parí. Victor mìíràn lọ pàdé rẹ̀, ó sì yè. Vulcan ni ayé ń dárúkọ. Abupo ni ó gbé e débẹ̀.