Ẹṣin Tí Kì Í Jẹ Koríko

Ẹ jẹ́ kí n pa àlọ́ kan fún yín: ẹṣin wo ni kì í jẹ koríko, tí kì í sáré, tí ẹni tí ó bá gùn ún kì í sì í sábà sọ̀kalẹ̀ láàyè? Inú orúkọ igi kan ni ìdáhùn wà, láàárín àwọn ará Norway àti Iceland ayé àtijọ́.

Yggdrasil ni igi náà. Nínú ìtàn àwọn abọ̀rìṣà ilẹ̀ náà, òun ni ó dúró láàárín gbogbo ayé, gbòǹgbò mẹ́ta ni ó sì ní. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan ń sá sókè sá sódò lára rẹ̀, ó ń kó ọ̀rọ̀ èébú láàárín ẹyẹ idì tó wà lókè àti ejò ńlá tó ń jẹ gbòǹgbò nísàlẹ̀. Ẹ ò rí i pé olófòófó kò sí níbi tí kò sí!

Ẹ wo bí orúkọ náà ti rí. "Yggr" ni ẹni tí ń dẹ́rù bani, ọ̀kan nínú orúkọ Odin, olórí òrìṣà wọn. "Drasill" ni ẹṣin. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló sọ pé "Ẹṣin Odin" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kí ló dé tí igi fi di ẹṣin? Ìtàn wọn ní Odin so ara rẹ̀ kọ́ sórí igi fún òru mẹ́sàn-án, kò jẹ, kò mu, kí ó lè mọ àṣírí àwọn àmì ìkọ̀wé wọn. Àwọn akéwì wọn a sì máa pe igi tí a fi ń so èèyàn ní ẹṣin. Ẹni tí a so ni ó gùn ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pe ọkọ̀ ojú omi ní ẹṣin òkun.

Snorri Sturluson ará Iceland, tí wọ́n pa ní 1241, kó irú ọ̀rọ̀ báyìí jọ sínú ìwé rẹ̀, Edda, kí àwọn akéwì ọ̀dọ́ lè mọ ìtumọ̀ wọn. Onígbàgbọ́ ni, ó sì kìlọ̀ pé kí Onígbàgbọ́ má gba àwọn òrìṣà náà gbọ́. Ó mọ ìtàn, kò sìn ín.

Ìyá kan bi mí pé, ṣé ọmọ òun ń dẹ́ṣẹ̀ bí ó bá ń ka "Wednesday" ní ilé-ìwé, nígbà tí òun gbọ́ pé ọjọ́ Odin ni. Mo ní rárá o. Ọmọ tí ń ka ọjọ́ kò sin ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́ ọ ní Àlàrùbá pẹ̀lú, kí ó mọ̀ pé láti inú "ẹ̀kẹrin" ti èdè Lárúbáwá ni ó ti wá.

Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ yàtọ̀. Ọjọ́ kì í jẹ́ni lóhùn bí a bá pè é. Ọmọ a máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dọjọ́ alẹ́. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí ẹ bá rí orúkọ tí ó wù yín nínú ìwé tàbí ní sinimá, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Èyí tí ó dùn létí bí orin lè jẹ́ igi tí a fi ń so èèyàn.