Oníbodè Inú Kọ̀ǹpútà: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Dá Iṣẹ́ Kóòdù Aládàáṣe Àkọ́kọ́ Sílẹ̀

Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ Áfíríkà àti àwọn ènìyàn dúdú láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ sí Èkó fún àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà tí a mọ̀ sí FESTAC. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ìlú tuntun kan láti fi gba àlejò, òun náà sì ni Festac Town, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin lónìí. Ìlú tí a fi ìwọ̀n tẹ̀ dó ni. First Avenue títí dé Seventh Avenue ni a pe àwọn òpópó ńlá rẹ̀. Àwọn ọ̀nà tí ó yà lára wọn ń jẹ́ nọ́ńbà, bí 21 Road àti 22 Road. Àwọn tí ó tún yà lára ìwọ̀nyí, tí wọn ń pè ní Close, sì ń jẹ́ A, B, C.

Irú àdírẹ́sì báyìí kì í yọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu, nítorí pé bákan náà ni 21 Road máa ń rí nínú rẹ̀, ẹni yòówù tí ìbáà tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kan orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ náà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ di ọ̀tọ̀. Ọ̀dọ̀fin ní àmì lókè, ó sì ní àmì nísàlẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ni ojú ènìyàn rí; kọ̀ǹpútà lè rí i bí orúkọ mẹ́ta.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ni ó mọ̀. Ètò tí gbogbo ayé jọ ń lò láti fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ni Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991. Unicode fún ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1ECD, ó sì fún ò ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fún ọ̀ ní nọ́ńbà kankan. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ọ́ níláti to nǹkan pọ̀, ọ̀nà ìtòpọ̀ náà kò sì jẹ́ ẹyọ kan. A lè kọ ọ, kí a fi àmì ohùn lé e. A lè kọ ò, kí a fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. A sì lè kọ o lásán, kí a fi àmì méjèèjì tẹ̀lé e. Bí a bá gba ọ̀nà kìíní tàbí ìkejì, nọ́ńbà 8 ni Ọ̀dọ̀fin yóò ní, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà náà kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí a bá gba ọ̀nà kẹta, yóò di 10.

Kí ni ewu tí ó wà níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a ro ó pé olùkọ́ kan ní Festac fi fóònù kọ orúkọ ọmọ tí ń jẹ́ Bọ́lá sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, tí akọ̀wé sì fi kọ̀ǹpútà wá orúkọ náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí ọ̀nà tí fóònù gbà kọ ọ́ bá yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ lè dáhùn pé kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ wà ní kíláàsì, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, síbẹ̀ a ní kò sí. Àwọn ètò kan mọ bí a ṣe ń ka ìkọ̀wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Nítorí èyí ni àwọn mìíràn ṣe fi àmì sílẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ṣe ń pàdánù ìtumọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ènìyàn kò lè fi ojú ṣọ́ ohun tí ojú kò rí. Ẹ̀rọ ni ó yẹ kí a fi ṣọ́ ẹ̀rọ. Èyí kì í ṣe ọgbọ́n tuntun: ní 1952 ni Grace Hopper ní Amẹ́ríkà ṣe A-0, ètò tí ó ń bá ènìyàn to àṣẹ kọ̀ǹpútà jọ, ní 1976 ni Stuart Feldman sì ṣe make, tí ó ń ṣe àwọn ìgbésẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ìbá máa fi ọwọ́ ṣe lóòjọ́. Iṣẹ́ kóòdù aládàáṣe ni a ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ kì í rọ ọkọ́ láìní ewìrì, ẹmú àti ọmọ owú. Àgbẹ̀dẹ ti akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò gba owó púpọ̀, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni irinṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Visual Studio Code, tí a fi ń kọ kóòdù, Python, kí ó má ṣe kéré sí ẹ̀dà 3.8 tí ó jáde ní 2019. Àti Git, tí Linus Torvalds dá sílẹ̀ ní 2005 láti máa tọ́jú ìtàn gbogbo àtúnṣe tí a bá ṣe sí fáìlì.

Git ní ààyè kan tí ó jọ ibodè àwọn ìlú àtijọ́. Bí oníbodè ti ń dá èrò dúró kí ó tó wọ ìlú, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni fáìlì tí a bá sọ ní pre-commit ń ṣiṣẹ́ kí Git tó gba àtúnṣe wọlé. Bí ó bá dá 0 padà, ọ̀nà ṣí; bí ó bá dá nọ́ńbà mìíràn padà, ọ̀nà tì.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣí fódà iṣẹ́ rẹ̀, kí ó tẹ àṣẹ git init. Kí ó dá fódà mìíràn tí ń jẹ́ hooks sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó sì kọ èyí sínú fáìlì pre-commit níbẹ̀, láìfi .py kún orúkọ náà:

#!/usr/bin/env python3
import sys, unicodedata
from pathlib import Path

abuku = []
for f in Path(".").glob("*.txt"):
    oro = f.read_text(encoding="utf-8")
    if not unicodedata.is_normalized("NFC", oro) or "\u0329" in oro:
        abuku.append(f)
        print("Tun wo:", f)
sys.exit(1 if abuku else 0)

NFC ni orúkọ ìlànà Unicode tí ó ń sọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ti àkọ́kọ́. Lórí Linux àti Mac, kí ó tẹ chmod +x hooks/pre-commit, kí fáìlì náà lè ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ó tẹ git config core.hooksPath hooks, kí Git lè mọ ilé tí oníbodè ń gbé. Àṣẹ ìkẹyìn yìí kì í bá iṣẹ́ lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Olúkúlùkù ẹni tí ó bá gba ẹ̀dà iṣẹ́ náà ni yóò tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.

Kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé oníbodè náà, kí ó dán an wò. Kí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi fáìlì alábùkù kan sí ọ̀nà, èyí tí o àti àmì ìsàlẹ̀ U+0323 wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀, kí ó sì wò ó bí git commit yóò kọ̀ ọ́. Nítorí pé inú kọ̀ǹpútà ẹni ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀, kò gba íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí dátà rẹ̀ tán ní Satellite Town tàbí ní Mile 2 lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Kí ni iṣẹ́ "\u0329" inú kóòdù náà? Àwọn kan kì í fi àmì tó-tó sí abẹ́ o, ìlà kékeré òòró ni wọn ń fi sí i. NFC kò ka ìlà sí tó-tó, kò sì ní yí i padà. Ìdí nìyí tí a fi pa á láṣẹ fún oníbodè lọ́tọ̀ pé kí ó dá a dúró. Bí a bá kọ́kọ́ jẹ́ kí kóòdù máa sọ àbùkù fún ni, kí ó má tíì máa tún un ṣe, ó sàn. Ẹni tí ó ni orúkọ ni yóò sọ bí orúkọ òun ṣe rí.

Ohun kan wà tí oníbodè yìí kò lè mọ̀ láéláé, èyíinì ni bóyá àmì ohùn tí a fi sí orúkọ tọ̀nà. Bí ẹnìkan bá kọ Ọ̀dọ́fin dípò Ọ̀dọ̀fin, tí ìtòpọ̀ rẹ̀ sì bá ìlànà mu, yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀rọ kò sì mọ ilé ẹnikẹ́ni. Ní Èkó, ní 1875, ni àwọn onímọ̀ pàdé lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ní 1974 ni ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò lónìí. Ènìyàn ni ó jókòó ṣe àdéhùn wọ̀nyí. Iṣẹ́ tí ó kù fún kóòdù ni pé kí ó bá wa pa àdéhùn náà mọ́ nígbà tí ó bá rẹ ojú wa.