Ọmọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Wá

Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2001, nígbà tí ẹnu gbogbo ayé ṣì wà lára ìkọlù New York, ọkùnrin kan tó ń kọjá lórí afárá Tower Bridge ní Lọ́ńdọ̀nù rí nǹkan kan tó léfòó lójú odò Thames. Ìtòsí ilé eré Globe ni àwọn ọlọ́pàá ti gbé e jáde. Òkú ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni. Wọ́n fojú bu ọjọ́ orí rẹ̀ sí ọdún mẹ́rin sí méje. Wọ́n ti gé orí rẹ̀, wọ́n gé apá àti ẹsẹ̀, ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ ọsàn nìkan ló kù sí i nídìí. Nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é, àwọn ọlọ́pàá ń pè é ní Adam.

Kò sí ojú tí wọn ì bá yà fọ́tò rẹ̀ fún aráyé, kò sí ìka tí wọn ì bá tẹ̀. Wọ́n ṣèlérí 50,000 pọ́n-ùn fún ẹni tó bá mọ nǹkan kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2002, Nelson Mandela fúnra rẹ̀ bá gbogbo Áfíríkà sọ̀rọ̀, ó bẹ ìdílé tí ọmọ wọn bá sọnù pé kí wọ́n jáde. Baba àti ìyá kankan ò yọjú.

Ara ọmọ náà ló wá di ẹlẹ́rìí. Inú àpáta ni èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní strontium. Ó ń ti àpáta wọ inú ilẹ̀, ó ń tinú ilẹ̀ bọ́ sínú omi àti iṣu, ó sì ń gba ẹnu wọ inú egungun ẹni tó bá jẹ ẹ́. Ọ̀nà tó gbà pín sínú àpáta ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, nítorí náà, egungun ọmọ lè tọ́ka ilẹ̀ tó ti ń jẹun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ken Pye ní Royal Holloway wo egungun Adam, ó rí àmì àpáta tó ti pẹ́ láyé gan-an, irú èyí tó gbilẹ̀ ní Nàìjíríà, tó gba ilẹ̀ Benin kọjá títí dé Tógò níbí. Ọ̀gá ọlọ́pàá Will O'Reilly àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ray Fysh wá fò lọ sí Nàìjíríà. Wọ́n ń bu erùpẹ̀, wọ́n ń ṣa òkúta, wọ́n tiẹ̀ ra ẹran ìgbẹ́ lọ́jà kí wọ́n lè yẹ egungun rẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n padà délé, àbájáde náà tọ́ka sí agbègbè Benin City ní Nàìjíríà.

Ìfun rẹ̀ náà sọ tirẹ̀. Ìyẹ̀fun òdòdó tí wọ́n bá níbẹ̀ fi hàn pé ó ti lo ọjọ́ díẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láàyè. Wọ́n rí oògùn ikọ́, èyí tó fi hàn pé ẹnì kan ṣì ń tọ́jú rẹ̀ tàbí ó ń díbọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí amọ̀ tí wúrà wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ewéko ní ọgbà Kew sì dá èso Calabar mọ̀, èyí tí àwọn Ẹ́fíìkì ń pè ní ésèrè, tí wọ́n fi ń dán àwọn tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn wò láyé àtijọ́. Ó máa ń mú kí ara rọ pátápátá.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń fura pé ẹbọ ni wọ́n fi ọmọ náà rú, ìfura sì kan àwọn Yorùbá. Wọ́n rí àbẹ́là méje àti aṣọ funfun kan nínú Thames, orúkọ Yorùbá sì wà lára aṣọ náà. Wọ́n wá ẹni tó ni orúkọ náà kàn: ọkùnrin kan tó ń gbé ní New York, tí àwọn òbí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò bá ìkọlù oṣù Kẹsàn-án lọ. Ẹbọ ọpẹ́ lásán ni wọ́n fẹ́ sọ di ẹbọ ènìyàn!

Ṣòkòtò péńpé tó wà nídìí ọmọ náà ló mú wọn rìn jìnnà. Jámánì ni wọ́n ti tà á. Ní ọdún 2002, wọ́n bá aṣọ tó ní àmì ilé iṣẹ́ kan náà nílé obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan ní Glasgow, obìnrin tó ti gbé Jámánì rí. Wọ́n dá a padà sí Nàìjíríà láìfẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án. Ní ọdún 2011, ó sọ orúkọ kan fún àwọn oníròyìn pé ti ọmọ náà ni. Ní 2013, ó sọ òmíràn. Ọmọ tó fi fọ́tò rẹ̀ hàn pé Adam ni, ọmọ mìíràn tó wà láàyè ní Jámánì ni. Nínú ìwádìí náà, wọ́n mú ọkùnrin kan, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní 2004 nítorí kíkó ènìyàn wọ̀lú lọ́nà àìtọ́. Títí dòní, wọn ò tíì gbé ẹnikẹ́ni dé kóòtù lórí ikú Adam.

Sáyẹ́ǹsì ṣe ìwọ̀n tirẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há ni pé kò sẹ́ni tó kígbe pé òun ń wá ọmọ. Nígbà tí ọlọ́pàá béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé ìwé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n rí i pé láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án 2001, nǹkan bí 300 ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú ọlọ́dún mẹ́rin sí méje ni kò wá sí kíláàsì mọ́. Méjì péré ni wọ́n rí. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ jù lọ ti padà sílé ní àlàáfíà, àmọ́ ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà? Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní àbúrò ìyá lè má jẹ́ nǹkan kan fún wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì ní Atakpamé àti àyíká rẹ̀. Ọdún 2001 yẹn kan náà ni ọkọ̀ ojú omi Etireno gbé àwọn ọmọdé kúrò ní Cotonou lọ sí Gabon, tí wọ́n kọ̀ ọ́ lébùúté, tó sì padà wálé. Ọmọ Tógò wà lára wọn. Ní 2003, àjọ Human Rights Watch tẹ ìwé kan jáde lórí Tógò: wọ́n ń kó àwọn ọmọbìnrin lọ ṣiṣẹ́ ilé, wọ́n ń kó àwọn ọmọkùnrin lọ sí oko ní Nàìjíríà, wọ́n á fún ẹlòmíràn ní kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ pé kó máa wà á lọ sílé. Ní oṣù Kẹjọ 2005, ìjọba Tógò ṣe òfin tó ka gbígbé ọmọ tà sí ọ̀ràn.

Fífi ọmọ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ẹbí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn gidi ló ti ibẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jẹ́ kí ọmọ gun mọ́tò lọ, ẹ rí i pé ó ní ìwé ìbí, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ pa mọ́, kí ẹ mọ àdúgbò tó ń lọ, kí ẹ sì máa bá òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kì í ṣe ẹni tó mú un lọ nìkan. Bí ohùn rẹ̀ bá dákẹ́, ẹ má ṣe tijú láti lọ bá ọlọ́pàá. Ní Tógò, nọ́ńbà 1011 wà fún ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà nínú ewu, ọ̀fẹ́ sì ni.