Ìbọn superposé: kí ni ọdẹ ẹyẹ gbọ́dọ̀ wò kó tó sanwó?

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ létí oko àgbàdo. Ọ̀wọ́ ẹtù kan ń ṣa ọkà jẹ nílẹ̀. Ọdẹ rọra ń sún mọ́ wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ewé gbígbẹ, gbogbo wọn sì fò lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ ṣakabùlà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lè yìn ín. Kó tó tún ki ẹ̀tù, ẹtù ti lọ.

Ìdí nìyí tí ojú ọ̀pọ̀ ọdẹ fi wà lára ìbọn ẹlẹ́nu méjì. Irú méjì ló wà. Nínú ti àkọ́kọ́, ọ̀pá irin méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Juxtaposé ni àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é. Nínú ìkejì, ọ̀kan gun orí ọ̀kan. Superposé nìyẹn. Kì í ṣe owó kékeré ni wọ́n ń ta á. Ẹni tó bá ra èyí tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, owó rẹ̀ ti wọgbó. Ẹni tó bá sì ra èyí tó ti bàjẹ́, ojú tàbí ọwọ́ rẹ̀ ló lè fi dí i.

Ìwé ṣáájú ìbọn

Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ra irú ìbọn yìí láìgba àṣẹ ìjọba. Àṣẹ níní ìbọn yàtọ̀ sí àṣẹ ọdẹ ṣíṣe. Ní Bẹ̀nẹ̀, Òfin 2002-16, ti ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 2004, ló ń darí ọ̀rọ̀ ẹranko igbó. Ẹ lọ bá àwọn aṣọ́gbó ìjọba kí ẹ tó náwó. Ẹ bi wọ́n ní ẹyẹ tí òfin dáàbò bò àti ìgbà tí wọ́n fàyè gba ọdẹ. Bí ọmọ yín tó wà ní Faransé bá sì ní òun fẹ́ gbé ìbọn bọ̀ wálé, ẹ sọ fún un pé kó má gbé e kọjá ẹnubodè kankan láìsí ìwé.

Ibi tó ti wá

Ará Amẹ́ríkà kan, John Moses Browning, ló ṣe èyí tó sọ superposé di ìlúmọ̀ọ́ká. Ilé iṣẹ́ FN ní Herstal, lẹ́bàá Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù, ló wà nígbà tó kú ní 1926. Ọmọ rẹ̀ Val ló tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ náà, ìbọn ọ̀hún sì dé ọjà ní 1931. Beretta ti Ítálì, tí ìwé fi hàn pé ó ti ń ta ọ̀pá ìbọn láti 1526, náà ń ṣe superposé.

Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, eré ìdárayá ni ọ̀pọ̀ ń fi í ṣe. Ẹ̀rọ á ju àwo kékeré sókè, ẹni tó ń yìnbọn á fọ́ ọ lójú òfuurufú. Ẹyẹlé gidi ni wọ́n ń yìn tẹ́lẹ̀. Kódà wọ́n yìn ín ní Olympics Paris ọdún 1900. Nígbà tó yá ni wọ́n fi àwo amọ̀ rọ́pò rẹ̀. Lónìí, ọ̀dà àti òkúta lílọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àwo náà, ṣùgbọ́n orúkọ amọ̀ kò kúrò lára rẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 110, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 105.

Ìbọn àwo, ìbọn ẹyẹ

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ìbọn tó dára fún àwo lè má dára fún ẹyẹ. Ẹni tó ń yìn àwo dúró sójú kan, ó sì lè yìn ju ọgọ́rùn-ún lọ lọ́jọ́ kan. Ó fẹ́ ìbọn tó wúwo, bíi kílò mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin, torí pé ìwúwo máa ń gba ìtì ìbọn kúrò léjìká. Ó fẹ́ ọ̀pá gígùn, bíi sẹ̀ǹtímítà 76 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìbọn lè máa lọ geere. Ọdẹ ẹyẹ ń rìn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó sì lè má yìn ju ìgbà márùn-ún lọ. Ìbọn tó tó kílò mẹ́ta, tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 66 sí 71, ló máa ṣe é lóore nínú igbó dídí.

Ọta náà yàtọ̀. Fún àwo, gíráàmù 24 sí 28 ti kóró wẹ́wẹ́ nọ́ḿbà 7½ ti tó. Fún ẹtù, kóró nọ́ḿbà 6 tàbí 5 ló yẹ. Ẹ rántí pé bí nọ́ḿbà bá ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni kóró ń kéré.

Àǹfààní superposé nìyí: ojú kan ṣoṣo ni ẹ ń wò lórí ọ̀pá òkè, kò sì dí yín lójú. Ọ̀pá ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yìn, ìtì rẹ̀ á sì wọ èjìká tààrà, ẹnu ìbọn kò ní fò sókè púpọ̀, ìyìn kejì á sì yá. Ẹnu méjèèjì lè fún ju ara wọn lọ. Èyí tó gbòòrò á wà fún ẹyẹ tó sún mọ́, èyí tó fún á wà fún èyí tó ti ń jìnnà. Ní mítà 36, ẹnu tó fún gan-an máa ń kó bíi 70 nínú 100 kóró jọ sínú òbìrí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 76. Èyí tí kò fún rárá máa ń kó bíi 40.

Ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì gbọ́dọ̀ là gbòòrò kí ẹ tó lè ki ọta sí ti ìsàlẹ̀. Juxtaposé sábà máa ń fúyẹ́ jù ú lọ. Ọdẹ tí kì í yìn ju ẹyẹ tó wà nílẹ̀ lọ kò nílò superposé. Ẹni tó ń yìn àparò àti ẹtù lójú òfuurufú ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ẹ gbé e lé èjìká

Ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Ẹ di ojú, ẹ gbé e lé èjìká bí ẹ ti máa ń ṣe, kí ẹ wá la ojú. Bó bá bá yín mu, ojú yín á ti wà lórí ọ̀pá tààrà. Bí ẹ bá ní láti na ọrùn tàbí ká a, ìdí ìbọn náà gùn jù tàbí kúrú jù. Ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, torí pé ọ̀pọ̀ ìbọn ni wọ́n tẹ̀ ìdí rẹ̀ fún ọwọ́ ọ̀tún.

Ìbọn àlòkù

Ẹ wo inú ọ̀pá méjèèjì sí ìmọ́lẹ̀. Ìpata, ibi tó tẹ̀ wọnú, ibi tó wú: bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ yọ igi iwájú kúrò, ẹ pa ìbọn náà dé, ẹ mì í. Bó bá ń mì pẹ̀kẹ̀pẹ̀kẹ̀, ó ti gbó. Ẹ wo nọ́ḿbà tí wọ́n fín sára rẹ̀. Bó bá jẹ́ 12/70, ẹ má ki ọta mìlímítà 76 sí i. Ó lè wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó bá bú, ẹnu rẹ̀ kò ní àyè láti là tán, agbára inú ọ̀pá á sì ga ju bó ti yẹ lọ.

Èyí tó burú jù lọ nìyí. Bí ọta kálíbà 20 bá ṣèèṣì bọ́ sínú ìbọn kálíbà 12, yóò yọ̀ kọjá ibi tí ọta ń gbé, yóò há sínú ọ̀pá. Ọdẹ á rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀, á tún ki 12 sí i. Bó bá yìn ín, ọ̀pá á fọ́ sí i lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kun ọta 20 ní àwọ̀ òféèfèé. Ẹ má ṣe kó irú ọta méjì sínú àpò kan láéláé. Ẹrẹ̀ tó dí ẹnu ìbọn náà lè ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Àwọn ará Bùràsíìlì tó ń sin òrìṣà ṣì ń pe Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ, ní ọba Kétu. Ọfà ni Ọ̀ṣọ́ọ̀sì mú lọ́wọ́, kò mú superposé. Ojú tó mọ̀nà àti ọwọ́ tó rọra ni ọdẹ fi ń jẹ́ ọdẹ. Bí ẹ bá ra ìbọn, ẹ jẹ́ kó máa wà ní ṣíṣí nígbàkigbà tí ẹ bá wà láàárín ènìyàn. Ìbọn tó là sílẹ̀, gbogbo ojú ló ń rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó jáde lọ ṣọdẹ á padà wálé, àwọn tó wà nílé náà á sì wà láàyè láti kí i kú àbọ̀.