Àyẹ̀wò àti Oògùn Ikọ́ Ife: Ẹ Má San Kọ́bọ̀ fún Ẹnikẹ́ni

Ẹni tó bá ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó wá ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn wa. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ la ó gbà. Bó bá jẹ́ ikọ́ ife ni, a ó fún un lóògùn. A kì í gbowó.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, ìdí nìyẹn tí a fi ń tún un sọ: a kì í gbowó àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀, a kì í sì í gbowó oògùn oṣù 6. Àwọn kan ń dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ń sọ fún aláìsàn pé àwọn mọ nọ́ọ̀sì, pé àwọn á bá a gba oògùn kíákíá. Irọ́ ni. Ẹ kọjá lára wọn, ẹ bèèrè yàrá ikọ́ ife. Ẹnikẹ́ni tó bá gbowó lọ́wọ́ yín nínú ọgbà wa, ìbáà wọ aṣọ funfun, ẹ fi tó ọ̀gá ilé ìwòsàn létí lọ́jọ́ náà. Fọ́tò àyà ni àwọn ọsibítù kan lè gbowó rẹ̀. Kí ẹ tó san án, ẹ kọ́kọ́ wá rí wa.

Nàìjíríà ni ikọ́ ife pọ̀ sí jù lọ ní Áfíríkà, àwọn tí ọwọ́ wọn kò tó ẹnu ló sì ń bá jà jù. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé kòkòrò rẹ̀. Bí ènìyàn 6 bá ń sùn nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, tí ọ̀kan ń wúkọ́, gbogbo wọn ló ń fà á símú. Ara tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ kò sì lè bá a jà. Alábàárù tó ń wúkọ́ á ra oògùn ní kẹ́míìsì, á tún òmíràn rà, torí ó rò pé owó ọsibítù á ju agbára òun lọ. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ikọ́ jáde, ọmọ rẹ̀ náà sì ti ń wúkọ́.

A mọ̀ pé ẹni tí kò bá jáde lónìí lè má jẹun lónìí. Ẹ sọ àkókò iṣẹ́ yín fún nọ́ọ̀sì. Ará ilé yín kan lè máa mójú tó bí ẹ ṣe ń lo oògùn, kí ẹ má baà máa wá lójoojúmọ́. Ìtọ̀ yín lè pọ́n. Oògùn ló fà á. Bí ara bá yá lóṣù kejì, ẹ má dá oògùn náà dúró, torí kòkòrò tó kù lè di èyí tí oògùn yìí kò ràn mọ́.

Ẹ mú àwọn tí ẹ jọ ń gbé wá, pàápàá àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. A ó yẹ̀ wọ́n wò, a ó sì fún àwọn tó yẹ lóògùn ìdènà. Ọ̀fẹ́ ni ìyẹn náà.